Ìbéèrè àti ìdáhùn nípa kíkọ́ Power BI: láti orí rìsíìtì títí dé ìjábọ̀ tí ọ̀gá lè gbára lé

Ẹni tó ti mọ Excel díẹ̀, tó wá fẹ́ mọ bí a ṣe ń to dátà òwò kó lè sọ̀rọ̀, ni mo kọ èyí fún. Power BI, ètò Microsoft tí a fi ń to dátà tí a sì fi ń ya ìjábọ̀, ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ nítorí òun ni mo ń lò lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ilé ìtajà kan wà ní Ìbàdàn tó ń ta ìrẹsì, ṣúgà, òróró àti mílíìkì, tó sì ní ẹ̀ka ní Bódìjà, Dùgbẹ̀ àti Mọ́kọ́lá. Orí ilé ìtajà yẹn ni ọ̀pọ̀ ìdáhùn yìí dá lé.

Kí ni wọ́n ń pè ní business intelligence gan-an?

Kí a kó ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nínú òwò jọ, kí a tò ó, kí a sì gbé e síwájú ẹni tó ni òwò kó lè mọ ìgbésẹ̀ tó kàn. Hans Peter Luhn ti IBM lo orúkọ yìí nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1958. Láti 1989 ni Howard Dresner ti sọ ọ́ di ohun tó tàn kálẹ̀. Iṣẹ́ náà pín sí mẹ́rin: a ó gba dátà wọlé, a ó tún un ṣe, a ó to model (ìyẹn bí àwọn table dátà ṣe so mọ́ ara wọn), a ó wá ya ìjábọ̀. Ìjábọ̀ tó kẹ́yìn yìí nìkan ni ojú ayé ń rí, bẹ́ẹ̀ òun ló kéré jù nínú làálàá náà. Ẹni tó ń yan àwọ̀ nígbà tí model rẹ̀ kò tíì dúró, nọ́ńbà tí kò ṣeé gbára lé ló ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́.

Mo mọ Excel dáadáa. Ṣé kò tó ni?

Fún ẹ̀ka kan àti oṣù kan, ó tó. Ìṣòro ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ̀ka bá di mẹ́ta tí ọdún sì ń gorí ọdún. Ojú ìwé Excel kan kò gbà ju ìlà 1,048,576 lọ, kí ẹ sì tó dé ibẹ̀, VLOOKUP ti sọ fáìlì yín di ohun tí ń wọ́ tuurutu. Èyí tó wá burú jù ni pé ní gbogbo àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó máa da ìwé ẹ̀ka mẹ́ta pọ̀ lọ́wọ́. Ọjọ́ tí ara ẹni náà kò bá yá, kò sí ìjábọ̀.

Ohun tí ẹ ti mọ̀ kò ní ṣòfò. Power Pivot, tí a fi ń to model nínú Excel, ti wà fún Excel 2010, Power Query, tí a fi ń gba dátà wọlé tí a sì fi ń tún un ṣe, náà sì tẹ̀ lé e, kí Power BI tó jáde fún gbogbo èèyàn ní oṣù keje ọdún 2015. Èdè fọ́múlà kan náà, ìyẹn DAX, ni Power Pivot àti Power BI ń lò.

Èwo ni kí n kọ́ nínú àwọn ètò ìjábọ̀ wọ̀nyí: Power BI, Tableau àti Looker Studio ti Google?

Èyí tí ilé iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ wọ̀ ń lò. Ilé iṣẹ́ tó bá ti ń san owó Microsoft 365, Power BI ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Looker Studio, tó ń jẹ́ Data Studio títí di oṣù kẹwàá 2022, ṣeé lò lọ́fẹ̀ẹ́ nínú browser, ó sì dára fún ẹni tí dátà rẹ̀ wà nínú Google Sheets. Tableau ní Tableau Public lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ohun tí ẹ bá gbé síbẹ̀, gbogbo ayé lè rí i. Ẹ kọ́ ọ̀kan dé ìdí. Ọgbọ́n títo model kì í yí padà láti orí ọ̀kan sí èkejì.

Irú laptop wo ni mo nílò? Ṣé dátà íntánẹ́ẹ̀tì kò ní jẹ mí lówó?

Windows. Power BI Desktop, ìyẹn Power BI tí a ń gbé sórí kọ̀ǹpútà, kò sí fún Mac, àfi kí ẹni tó ní Mac wá ọ̀nà láti gbé Windows sórí rẹ̀. RAM 8GB lè gbé ẹ̀kọ́; 16GB ló máa jẹ́ kí ara tù yín. Ọ̀fẹ́ ni Desktop, tí ẹ bá sì ti gbé fáìlì dátà yín sórí kọ̀ǹpútà, ẹ lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé ìjábọ̀ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló di dandan.

Kí ni data model? Gbogbo èèyàn ń sọ nípa star schema, kò sì yé mi.

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù lọ.

Model ni bí àwọn table yín ṣe so mọ́ ara wọn. Star schema, tí Ralph Kimball sọ di ohun tí gbogbo oníṣẹ́ dátà mọ̀, pín table sí oríṣi méjì. Èkíní ni fact table: ohun tó ṣẹlẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ní ilé ìtajà wa, ẹnì kan ra àpò ìrẹsì méjì ní Dùgbẹ̀ lánàá. Ìlà kan nìyẹn: ọjọ́, kóòdù ọjà, kóòdù ẹ̀ka, kóòdù oníbàárà, iye àpò, iye tí a tà á, iye tí a rà á. Èkejì ni dimension table, tó ń ṣàlàyé ta ni, kí ni, níbo àti ìgbà wo. Table Ọjà ní orúkọ ọjà, irú rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀. Table Ẹ̀ka ní orúkọ ẹ̀ka àti ẹni tó ń bójú tó o. Table Oníbàárà àti table Ọjọ́ náà wà níbẹ̀. Fact table wà láàárín, àwọn yòókù yí i ká, ó sì dà bí ìràwọ̀.

Kí ẹ tó ṣí kọ̀ǹpútà rárá, ẹ mú bírò, kí ẹ kọ gbólóhùn kan sínú ìwé: "Ìlà kan nínú fact table mi dúró fún…" Kí ni? Ṣé odidi rìsíìtì ni, àbí ọjà kọ̀ọ̀kan lórí rìsíìtì, àbí àpapọ̀ ọjọ́ kan? Tí ẹ bá yan àpapọ̀ ọjọ́ kan, lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá béèrè pé, "Ṣé àwọn tó ń ra ìrẹsì máa ń ra òróró pẹ̀lú rẹ̀?" kò sí ìdáhùn, kò sì sí fọ́múlà tó lè wá a jáde, torí ẹ ti da á nù níbẹ̀rẹ̀. Ọjà kọ̀ọ̀kan lórí rìsíìtì ni mo máa ń yàn bí dátà bá ti lè fún mi.

Ṣé n kò lè fi gbogbo rẹ̀ sínú table kan ṣoṣo?

Ó máa ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ wò ó báyìí: wọ́n yí ẹni tó ń bójú tó ẹ̀ka Mọ́kọ́lá padà. Nínú star schema, ẹ ó tún ìlà kan ṣe. Nínú table ńlá kan ṣoṣo, orúkọ yẹn ti wà lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà. Bákan náà ni fún ọjà tí ẹnikẹ́ni kò rà láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e dé: kò ní rìsíìtì, nítorí náà kò sí nínú table ńlá yẹn, bẹ́ẹ̀ ọjà tí kò tà gan-an ni ọ̀gá ń wá.

Ìsopọ̀ tí mo ń ṣe láàárín table méjì ń jáde sí many-to-many, ìyẹn pé kóòdù lè tún ara rẹ̀ sọ ní ìhà méjèèjì. Kí ló fà á?

Ó sábà máa ń jẹ́ pé kóòdù kan fara hàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú dimension yín. Kóòdù ọjà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú table Ọjà. Nínú fact table ló ti lè tún ara rẹ̀ sọ bó ṣe wù ú. Ẹ má gba many-to-many torí kí iṣẹ́ lè tètè parí. Ẹ padà lọ wá èyí tó di méjì.

Ohun kan wà tó máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú níbí. Power Query ka "Bodija" àti "BODIJA" sí ọ̀rọ̀ méjì. Ẹ tẹ Remove Duplicates, ó fi méjèèjì sílẹ̀. Ẹ gbé table náà wọ inú model, model kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín lẹ́tà ńlá àti kékeré, ó ní ọ̀kan náà ni wọ́n, ó kọ̀ láti fi wọ́n ṣe ìhà kan ṣoṣo nínú ìsopọ̀. Ẹ sọ gbogbo lẹ́tà di oríṣi kan náà, kí ẹ fi Trim gé àlàfo tó wà níwájú àti lẹ́yìn ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó yọ èyí tó di méjì.

Ọfà tó wà lórí ìsopọ̀ náà, tó ń fi hàn table tí ohun tí a yàn ń sẹ́ èkejì láti ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa lọ sí ọ̀nà kan: láti dimension sí fact. Bí ẹ bá yí i sí "Both" níbi púpọ̀, ọ̀nà méjì lè wà láti ibì kan dé ibòmíràn, ìṣirò yín á sì máa yí padà láìjẹ́ pé ẹ mọ ìdí.

Kí ló dé tí table Ọjọ́ fi ṣe pàtàkì? Ọjọ́ ti wà lórí rìsíìtì.

Nítorí ọjọ́ tí ẹ kò tajà kò sí lórí rìsíìtì. Àwọn fọ́múlà bíi SAMEPERIODLASTYEAR, tó ń mú àsìkò kan náà lọ́dún tó kọjá wá, ń fẹ́ kí ọjọ́ tẹ̀ lé ara wọn láìfo ọ̀kan. Ẹ lè fi DAX ṣe é:

Ọjọ́ = CALENDAR(DATE(2022,1,1), DATE(2025,12,31))

Ẹ wá fi ọdún, oṣù àti ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀ kún un, kí ẹ sì tẹ Mark as date table. Ẹ lo Sort by column kí orúkọ oṣù lè tẹ̀ léra bó ṣe yẹ, torí ABD ni kọ̀ǹpútà mọ̀, April ló máa fi ṣáájú January.

Ẹ fi òpó (column) kan sí i fún àwọn ọjọ́ ayẹyẹ bí ọdún Ìtùnú Àwẹ̀. Mo mú èyí ní pàtàkì fún wa nílé. Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹrin ni Ìtùnú Àwẹ̀ bọ́ sí ní 2023, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin ni ní 2024, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹta ni ní 2025. Ọ̀gá tó bá fi oṣù kẹrin 2025 wé oṣù kẹrin 2024 yóò rò pé ọjà ti kú, bẹ́ẹ̀ ọdún Ìtùnú ló ti ṣí lọ sí oṣù kẹta. Òpó yẹn ni yóò jẹ́ kí ẹ lè fi ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Ìtùnú wé ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Ìtùnú. Kò sí ẹ̀kọ́ ilẹ̀ òkèèrè kan tó máa rán yín létí èyí.

Ọjọ́ tó wà nínú fáìlì mi ń dàrú nígbà tí mo bá gbé e wọlé.

03/04/2024 lójú tiwa jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣètò bíi ti Amẹ́ríkà yóò kà á sí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, kò sì ní pariwo. Ó dé orí 25/04/2024, kò rí oṣù karùndínlọ́gbọ̀n, ó kọ Error. Ẹni tó bá wá tẹ Remove Errors ti da títà ọjọ́ kẹtàlá títí dé òpin oṣù nù, ti gbogbo oṣù, èyí tó kù sílẹ̀ sì ti lọ sínú oṣù tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ pa ìgbésẹ̀ Changed Type tí Power Query fúnra rẹ̀ fi síbẹ̀ rẹ́. Ẹ lọ sí Change Type, kí ẹ yan Using Locale, kí ẹ mú Date, kí ẹ sì mú English (United Kingdom). Lẹ́yìn náà, ẹ ka iye ìlà oṣù kan, kí ẹ fi wé ti ìwé ìtajà.

DAX ń bà mí lẹ́rù. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Láti orí measure, ìyẹn fọ́múlà ìṣirò tí ẹ kọ fún ìjábọ̀. Calculated column máa ń ṣírò lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ó sì máa ń jókòó sínú model. Measure máa ń ṣírò nígbà tí ẹnì kan bá béèrè, gẹ́gẹ́ bí ohun tó yàn lójú ìjábọ̀: Dùgbẹ̀ nìkan, tàbí oṣù karùn-ún nìkan. Ohun tí a yàn yẹn ni wọ́n ń pè ní filter context. Tó bá ti yé yín, ẹ ti rí ọ̀nà.

Ẹ wo ìdá èrè. Ní oṣù kan, Dùgbẹ̀ ta ọjà ₦8,000,000, ó jèrè ₦400,000. Mọ́kọ́lá ta ₦2,000,000, òun náà jèrè ₦400,000. Ti Dùgbẹ̀ jẹ́ 5%, ti Mọ́kọ́lá jẹ́ 20%. Ẹni tó bá fi column ṣe é tó wá ní kí Power BI bá òun mú àárín wọn, 12.5% ló máa gbà. Irọ́ ni. Èrè méjèèjì jẹ́ ₦800,000 lórí ₦10,000,000, ìyẹn 8%. Bí measure ṣe yẹ kó rí nìyí:

Ìdá Èrè = DIVIDE([Èrè], [Títà])

Ó kọ́kọ́ ro àpapọ̀, kó tó pín. DIVIDE sàn ju àmì pípín lọ torí pé níbi tí títà bá ti jẹ́ òdo, kò ní fi ohun tí kò nítumọ̀ sí ojú ìjábọ̀.

Kí ẹ tó lọ síbi tó jinlẹ̀, ẹ mọ SUM, SUMX, DISTINCTCOUNT, DIVIDE àti CALCULATE tinútẹ̀yìn. CALCULATE ló gba sùúrù jù.

Bí mo ṣe ro títà pọ̀ ni mo ṣe ro ọjà tó wà ní ilé ìkẹ́rù pọ̀, nọ́ńbà náà sì pọ̀ jù.

Àpò ìrẹsì 40 ló wà lọ́jọ́ Ajé, 35 lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 30 lọ́jọ́rú. Àpò 105 kò sí níbì kankan. Ọjà tó wà nílẹ̀ ṣeé rò pọ̀ láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, kò ṣeé rò pọ̀ láti ọjọ́ dé ọjọ́. Iye ọjọ́ tó kẹ́yìn ni ẹ ó mú. Ẹ wo LASTDATE àti LASTNONBLANK.

Iye títà wa ń gòkè lọ́dọọdún, àmọ́ ọ̀gá ní òun kò rí owó náà.

Ó lè jẹ́ pé òótọ́ ni ẹ̀yin méjèèjì ń sọ. Láti oṣù kẹfà 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ lójú dọ́là, iye owó ọjà ti yí padà débi pé náírà nìkan kò lè sọ bí òwò ṣe ń lọ. Ká ní ẹ ta àpò 1,000 ní ₦40,000 lọ́dún kan, ẹ wá ta àpò 700 ní ₦80,000 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Láti ₦40,000,000 ó di ₦56,000,000, ìlà orí chart ń gun òkè, bẹ́ẹ̀ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ọjà yín ti lọ. Ní ilẹ̀ wa lásìkò yìí, ìjábọ̀ tó bá fi náírà hàn tí kò fi iye àpò tàbí páálí hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń ṣi ènìyàn lọ́nà, mi ò kì í gbé irú rẹ̀ jáde.

Ìdí nìyí pẹ̀lú tí iye tí a tà á gbọ́dọ̀ fi wà nínú fact table. Tí ẹ bá fi sínú table Ọjà, ọjọ́ tí ẹ bá yí iye padà, gbogbo títà àtijọ́ yóò yí padà pẹ̀lú rẹ̀.

Báwo ni kí ojú ìjábọ̀ ṣe rí?

Nọ́ńbà tó ṣe pàtàkì jù lókè lápá òsì. Bar chart fún ìfiwéra, line chart fún bí nǹkan ṣe ń lọ láti oṣù dé oṣù. Ẹ yẹra fún pie chart tó bá ti ju ìpín mẹ́ta lọ. Ẹ lọ jókòó ti ẹni tó máa lò ó, kí ẹ wo ibi tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ.

Báwo ni mo ṣe lè fi ìjábọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ẹlòmíràn, èló ló sì ń náni?

Kí ẹ tó lè gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ nílò àdírẹ́ẹ̀sì íméèlì ilé iṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́. Wọn kò gba Gmail. Láti oṣù kẹrin 2025, Power BI Pro, àṣẹ ìlò tí a ń sanwó fún, jẹ́ dọ́là 14 lóṣù fún ẹnì kan. Dọ́là 10 ni tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń fi ránṣẹ́ àti ẹni tó ń wò ó ló sábà máa nílò rẹ̀. Pro ń jẹ́ kí dátà sọ ara rẹ̀ di tuntun lẹ́ẹ̀mẹjọ lójúmọ́. Tí fáìlì bá wà lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ẹ máa nílò gateway, ètò tó ń so fáìlì náà mọ́ Power BI orí íntánẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà náà sì gbọ́dọ̀ wà ní títàn. Bí iná wa ṣe rí yìí, ẹ kúkú gbé fáìlì lọ sórí SharePoint tàbí OneDrive ilé iṣẹ́.

Ẹ ó rí ohun kan tó ń jẹ́ Publish to web. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì rọrùn, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá rí líǹkì náà lè wo gbogbo rẹ̀ láìsí ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹ má ṣe fi orúkọ oníbàárà, nọ́ńbà fóònù tàbí owó oṣù òṣìṣẹ́ síbẹ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà ti wà láti oṣù kẹfà 2023. Tí ẹ bá fẹ́ kí olórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan rí ti ẹ̀ka tirẹ̀ nìkan, ẹ kọ́ row-level security.

Níbo ni mo ti lè rí dátà láti fi kọ́ṣẹ́? Ṣé kí n ṣe PL-300, ìdánwò ìwé ẹ̀rí Microsoft fún Power BI?

AdventureWorks àti Contoso, dátà àpẹẹrẹ ti Microsoft, mọ́ jù; ẹ fi wọ́n kọ́ DAX. Láti kọ́ títún dátà ṣe, ẹ gba iye owó oúnjẹ tí National Bureau of Statistics ń gbé jáde, tàbí kí ẹ bẹ akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín fún ìwé owó ìdásí, kí ẹ yọ orúkọ gbogbo èèyàn kúrò. Microsoft Learn ń kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́.

PL-300, tó rọ́pò DA-100 ní 2022, ń fẹ́ máàkì 700 nínú 1,000. Ó wúlò fún ẹni tó ń wá iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ṣe ìjábọ̀ kan tí ẹnì kan ń ṣí lójoojúmọ́. Ìyẹn ni n óò béèrè lọ́wọ́ yín tó bá jẹ́ pé èmi ni mo ń gbà yín síṣẹ́.

Ọ̀gá ní nọ́ńbà mi kò bá ti akáúńtáǹtì mu. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má jiyàn, ẹ má sì tètè yí nǹkan kan padà. Ẹ mú oṣù kan, ẹ̀ka kan. Ẹ béèrè: ṣé VAT 7.5% wà nínú tirẹ̀ tí kò sí nínú tiyín? Ṣé ó ti yọ ọjà tí wọ́n dá padà? Rìsíìtì tí wọ́n fagi lé ńkọ́? Títà alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú oṣù, inú oṣù wo ló fi sí? Àwìn náà wà níbẹ̀: ó lè jẹ́ ọjọ́ tí owó wọlé ló ń kà, tí ẹ̀yin sì ń ka ọjọ́ tí ọjà jáde. Ẹ ṣe table kékeré kan nínú Power BI tó to rìsíìtì ọjọ́ kan ṣoṣo jáde pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, kí ẹ gbé e lọ bá akáúńtáǹtì, kí ẹ jọ fi ìka tẹ̀ ẹ́ ní ìlà-ìlà. Tí ẹ bá ti rí ìyàtọ̀ náà, ẹ kọ ohun tí "Títà" túmọ̀ sí síbi Description measure yẹn, kí ẹni tó bá gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ yín má baà tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.